Ìwé ìtọ́sọ́nà pygame: Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ fún

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn, Cotonou tàbí Accra bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà, tí kò sì lówó tó máa fi ra ohunkóhun, ọ̀kan lára àwọn nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa júwe fún un ni pygame. Ọ̀fẹ́ ni. Kò nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Python tí wọ́n fi ń lò ó sì wà lára àwọn èdè kọ̀ǹpútà tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀.

Láíbìrì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ ni, kí ẹni tó ń ṣe géèmù má baà máa bẹ̀rẹ̀ látorí bó ṣe máa gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ tàbí bó ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnì. Pete Shinners ló bẹ̀rẹ̀ pygame lọ́dún 2000, orí SDL tí Sam Lantinga gbé jáde lọ́dún 1998 ló sì kọ́ ọ lé. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba: ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún un.

Ibi tí wàhálà wà kì í ṣe inú láíbìrì náà. Inú ìwé ìtọ́sọ́nà tó yẹ kó mú olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé ló wà. Kì í sì í ṣe ti pygame nìkan. Lọ́dún 2017, GitHub, níbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kóòdù gbangba wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tó ń lo irú sọ́fítíwíà yìí àti àwọn tó ń kọ ọ́. Ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ló ní àwọn ti pàdé ìwé ìtọ́sọ́nà tí kò pé tàbí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Nínú ìwádìí kan náà, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń dá sí iṣẹ́ náà ló sọ pé àwọn kì í sábà kọ ìwé ìtọ́sọ́nà, tàbí pé àwọn kì í kọ ọ́ rárá. Gbogbo èèyàn ló ń rí kòtò tó wà lójú títì, díẹ̀ ló ń gbé ṣọ́bìrì.

Kò ní dáa kéèyàn parọ́ mọ́ àwọn tó ń tọ́jú pygame. Ìwé wọn kò kéré. Gbogbo iṣẹ́ tí láíbìrì náà lè ṣe ló ní àlàyé tirẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń gbà àti ohun tó ń dá padà. Ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá máa rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé atúmọ̀ èdè ló ṣe rí, kò sì sí ọmọ tó ti inú ìwé atúmọ̀ èdè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Daniele Procida, tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí mẹ́rin: ẹ̀kọ́ tó ń fa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ní iṣẹ́ kan pàtó láti ṣe, àkójọ tí èèyàn ń yẹ̀ wò, àti àlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Ẹ̀ka kẹta ni ọ̀pọ̀ láíbìrì kóòdù gbangba ti pegedé. Ẹ̀ka kìíní ló ń kú lọ láìsẹ́ni tó ń sunkún rẹ̀.

Àwọn ẹ̀kọ́ fún olùbẹ̀rẹ̀ wà nínú ti pygame o. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn, tí Shinners fúnra rẹ̀ kọ, ń tú ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan palẹ̀ nínú géèmù kékeré kan tí wọ́n ti ń gbá ìnàkí lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, yẹ̀yẹ́ ìpolówó ọjà kan tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyé ìgbà náà. Ọmọ ọdún 15 tó ń kà á lónìí kò mọ ìpolówó náà, kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìyẹn kéré sí ti pé kíláàsì àti ogún jíjẹ láàárín kíláàsì ti wọ inú ẹ̀kọ́ náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí fèrèsé àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tirẹ̀.

Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ti fi kóòdù kúkúrú kan síbẹ̀ tí kò tó ìlà 50. Ẹni tó bá dà á kọ máa rí fèrèsé aláwọ̀ àlùkò pẹ̀lú ìyípo pupa kan láàárín, tó ń rìn bí èèyàn bá tẹ W, A, S tàbí D. Àtúnṣe gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n gbóríyìn fún ẹni tó rò ó. Síbẹ̀, ẹ wo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ ohun tí dt jẹ́. Wọ́n ní iye ìṣẹ́jú-àáyá tó ti kọjá láti ìgbà àwòrán tó ṣáájú ni, pé wọ́n ń lò ó kí físíìsì géèmù má baà gbára lé iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa yé.

Àlàyé tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò kò ju báyìí lọ. Kọ̀ǹpútà ń ya àwòrán géèmù léraléra, bóyá ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kóòdù bá ní kí ìyípo náà sún ní píksẹ́lì 5 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yà á, píksẹ́lì 300 ló máa sún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí ẹ̀rọ tó yára. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà 20 péré ló lè yà á, 100 ló máa sún. Kóòdù kan náà, ọ̀kan ń sáré, ìkejì ń wọ́ bí ìgbín. Ìlà tó sọ pé clock.tick(60) kò lè gba tòkunbọ̀ náà sílẹ̀, torí òté ni: ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má kọjá 60, kò lè fún un ní agbára tí kò ní. Bí wọ́n bá wá sọ pé kí ìyípo náà sún ní 300 lọ́nà dt, ẹ̀rọ tó yára á máa gbé ìṣísẹ̀ kéékèèké púpọ̀, èyí tó ń falẹ̀ á gbé ìṣísẹ̀ gígùn díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ dé ibi kan náà.

Ẹni tó ń kọ ìwé náà lórí ẹ̀rọ tuntun lè má rí ìdí tó fi yẹ kó fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ìyẹn. Ẹni tó ra ẹ̀rọ rẹ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́fà kó tó wọ̀lú, ló máa jókòó síwájú géèmù tó ń wọ́, tí yóò máa rò pé òun lòun kọ kóòdù náà tì.

Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pygame sórí ẹ̀rọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń kú sí. Lórí Windows, wọ́n sábà ń kọ py -m pip install pygame. Lórí Linux, python3 ló máa ń wà níbi tí py wà. Ọmọ tó da ti ọ̀kan kọ sórí èkejì máa gba èsì pé kọ̀ǹpútà kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú Python tó tuntun jù lọ wálẹ̀, bó ṣe yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe. Bí àwọn olùtọ́jú kò bá tíì gbé pygame tó bá ẹ̀dà Python yẹn mu jáde, pip á gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ láti inú kóòdù ìpìlẹ̀. Irinṣẹ́ tó nílò fún ìyẹn kì í sábà sí lórí ẹ̀rọ olùbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á wá máa tú jáde, ìlà lórí ìlà. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń sọ kò ju pé "Python rẹ ti tuntun jù, padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀," ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ká ní ó kọjá ibẹ̀. Ó ṣí fèrèsé, fèrèsé náà dúdú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ Windows kọ "Not Responding" sórí rẹ̀. Kóòdù rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan tí Python lè tọ́ka sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò béèrè lọ́wọ́ pygame, ní gbogbo ìgbà, bóyá ẹnì kan ti tẹ nǹkan. Windows wá gbà pé ètò náà ti kú. Tàbí kó ya gbogbo àwòrán rẹ̀ tán, kó má rí nǹkan kan, torí kò pe flip tó ń gbé iṣẹ́ náà sójú ẹ̀rọ. Tàbí kó fẹ́ kí nǹkan gòkè, kó fi kún y, kí nǹkan náà máa sọ̀ kalẹ̀, torí òkè pátápátá lápá òsì ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ìsàlẹ̀ bíi ti gíráàfù tí tíṣà máa ń yà sójú pátákó. Àwòrán rẹ̀ wà nínú fódà kan náà pẹ̀lú kóòdù, Python ní òun kò rí i, torí inú fódà mìíràn ni wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n ní kó ṣiṣẹ́. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo rẹ̀: ó sọ fáìlì rẹ̀ ní pygame.py, bẹ́ẹ̀ ìgbàkígbà tó bá ní kí Python lọ mú pygame wá, fáìlì tirẹ̀ náà ni Python ń mú wá fún un.

Kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú wọn sí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n ti dáhùn wọn títí ó ti sú wọn. Ohun tó yẹ ni pé kí ìdáhùn náà wà lójú ọ̀nà tí olùbẹ̀rẹ̀ ń gbà, ní ìtòtẹ̀léra tó máa fi pàdé wọn, kì í ṣe kí ó fọ́n káàkiri ibi tí ẹni tó ti mọ orúkọ ìṣòro rẹ̀ nìkan ti lè rí i.

Ohun tó ń ṣòfò níbí ju àkókò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọsẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti wọ́n, tí olùkọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, á béèrè, á sì máa lọ. Ẹni tó wà ní Ṣakí tàbí Kétu ń fi dátà tó fowó rà wá ìdáhùn, bátìrì ń lọ, kò sì mọ ìgbà tí iná máa dé. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò ní sọ pé ìwé náà ni kò dáa. Á ní orí òun kò gbé e. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pẹ́ lẹ́nu èèyàn, ó sì lè lé e kúrò nídìí iṣẹ́ tó ì bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kọ sójú pátákó. Bí pygame bá ti wà lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ python -m pygame.docs. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà náà bá bá a wọlé, orí ẹ̀rọ gan-an ló ti máa ṣí, láìlo dátà kankan. Bí kò bá sí níbẹ̀ ló tó máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ni python -m pygame.examples.aliens máa gbé géèmù kan jáde tó ti wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti ń yìnbọn fún àwọn àlejò òfuurufú. Kóòdù géèmù náà wà níbẹ̀, ọmọ lè ṣí i, kó yí nọ́ńbà kan padà, kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Fún ẹni tí dátà ń jẹ lówó, òkè ojú ewé àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìlà méjèèjì wà, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ ìpínyà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, àwọn kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí pygame yà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pygame-ce. Ìjà àgbà ni, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ló mọ bó ṣe jẹ́. Ohun tó kan olùbẹ̀rẹ̀ ni pé import pygame kan náà ni wọ́n fi ń pe àwọn méjèèjì nínú kóòdù, àti pé kò gbọdọ̀ kó àwọn méjèèjì jọ sórí Python kan ṣoṣo. Gbólóhùn méjì ti tó láti sọ ọ́.

Àwọn míì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Daniel Pope gbé Pygame Zero jáde lọ́dún 2015, orí pygame yìí náà ló kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ni àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ló ní lọ́kàn. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀ láti orí Scratch, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní kóòdù. Ẹni tó kọ ojú ewé yẹn mọ ibi tí òǹkàwé rẹ̀ ti ń bọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni raylib gbà, láíbìrì tí Ramon Santamaria bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 nígbà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Spéìn: àkójọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú ewé kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni àpẹẹrẹ kóòdù tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kúkúrú kúkúrú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ èdè C díẹ̀ máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á ṣì nílò olùkọ́.

Àwọn kan á ní YouTube ti wà, kí ni wọ́n tún ń wá ìwé fún? Fídíò wákàtí kan ń jẹ dátà ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé lọ. Èèyàn kò lè da kóòdù kọ jáde nínú rẹ̀, bí nǹkan bá sì yí padà, kò sẹ́ni tó máa tún àárín fídíò ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ pẹ̀lú Python 2, tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ti dópin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ṣì ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà títí di òní. Ti ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn náà wà, ó sì ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ inú irú ìwé yìí kan náà ni òun pẹ̀lú ti kọ́ ohun tó mọ̀, olùbẹ̀rẹ̀ kò sì ní mọ ìgbà tó bá ń purọ́.

Ta ló wá máa tún un ṣe? Àwọn olùtọ́jú ń fi àkókò ara wọn ṣiṣẹ́ yìí ni, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti gbàgbé bí ó ṣe rí kí èèyàn má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọsẹ̀ lánàá tó wá dìde lónìí ló mọ ibi tí òkúta wà. Ẹni yẹn gan-an ni wọ́n máa ń béèrè pé kó ti mọ git, kó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, kó ti mọ irú ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń to ìwé náà, kí wọ́n tó lè gba gbólóhùn kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí GitHub, àmì pẹ́ńsù kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ láti tún ojú ewé kan kọ látinú búráúsà rẹ̀, láìfi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ìtọ́ka sí i wà nísàlẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó sì yẹ kí àwọn olùtọ́jú máa gba ìròyìn tó ní "ibí ni mo dúró sí, n kò mọ ohun tó kàn" bí wọ́n ṣe ń gba ìròyìn pé láíbìrì náà bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńlẹ̀. Nínú ìwádìí GitHub ọdún 2017 yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin àwọn tó ń kọ kóòdù gbangba tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò já gaara dé ibi tó yẹ. Ọmọ Yorùbá ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ń fi Faransé kàwé níléèwé, ti Ọ̀yọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, ilé sì ni àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ Yorùbá. Àwọn oníṣẹ́ Python fúnra wọn ti la ọ̀nà fún ìtumọ̀ ìwé wọn sí èdè mìíràn láti ọdún 2017, tí ti Faransé, Jàpáànù àti Kòríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á kọjá. Bí Yorùbá bá máa tẹ̀ lé wọn, kò dìgbà tí wọ́n bá túmọ̀ gbogbo ìwé pygame. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti tó. Kí àwọn atúmọ̀ sì jọ̀wọ́ fi while àti import sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí, torí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Àlàyé tó yí wọn ká ló yẹ kó jẹ́ Yorùbá tí èèyàn ń sọ, kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ àdápè gígùn tí olùkọ́ àgbà pàápàá gbọ́dọ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ náà lè yí padà. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Nínú Python, àtòkọ nọ́ńbà 12 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 4. Ọmọ tó bá fẹ́ ta á máa kọ́ pé 0 ni Python fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, kì í ṣe 1. Nígbà tó bá dé ihò 11, tó ní ọmọ ayò kan sí i lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ padà sí 0, àmì % tó ń mú àṣẹ́kù jáde ló sì máa gbé e débẹ̀. Láti mọ ihò tí wọ́n tẹ̀, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ibi tí máòsì wà. Kò sí ohun tó ń yára sáré níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dt lè dúró di ẹ̀kọ́ kẹta. Ọmọ náà sì ti mọ òfin géèmù náà kó tó ṣí kọ̀ǹpútà, torí náà tí ọmọ ayò bá já síbi tí kò yẹ, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kóòdù òun ló ṣìnà.

Àwọn tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn oníṣẹ́ Python ní Nàìjíríà ti ń ṣe ìpàdé ọdọọdún tiwọn láti ọdún 2017, Accra ni PyCon Africa àkọ́kọ́ sì ti wáyé lọ́dún 2019. Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Kí wọ́n wá ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí kò kọ kóòdù rí, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ fún wọn, kí wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ pygame síwájú wọn. Kí àwọn ọ̀gá jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, èyí tó máa le jù fún wọn nínú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kàn máa kọ ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dúró sílẹ̀ àti ohun tó sọ nígbà tó dúró. Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn àti àwọn ọ̀dọ́ náà jọ tún àwọn ìlà yẹn kọ, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn olùtọ́jú gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tó ti ṣe tán, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àròkọ lórí bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe nílò ìmọ̀ ẹ̀rọ.